Abẹ Tó Ń Dán, Síbẹ̀ Tó Ń Fa Irun Tu

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun ní Ṣógúnlé. Bàbá mi àgbà fi abẹ ìfárùngbọ̀n kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí wọ́n ń ká sínú èèkù. Wọ́n kọ “Solingen” sí i lára. Mo ra òkúta, mo pọ́n ọn títí ó fi ń dán, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e kan àgbọ̀n mi, ṣe ló ń fa irun tu. Kí ni mi ò ṣe tó?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ má sọ abẹ yẹn nù o. Ìlú àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ni Solingen ní Jámánì. Láti 1938 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ ìlú náà lára ọ̀bẹ àti abẹ.

Ọwọ́ tí ẹ fi ń pọ́n ọn ni mo fura sí. Bí a ti ń pọ́n ọ̀bẹ ìdáná lẹ̀ ń ṣe é: ẹ̀ ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí ẹnu lè kan òkúta. Abẹ kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rọ ọ́ ti fi sísanra ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tí ẹ̀yìn àti ẹnu jọ kan òkúta, ẹnu náà á wà ní bíi dígírì 16 sí 18. Ti ọ̀bẹ ìdáná sábà máa ń tó 30 sí 40. Bí ẹ̀yìn bá ti gbéra, ẹnu abẹ á nípọn, á máa dán, kò sì ní gé irun.

Ẹ fi máàkà dúdú kun ẹnu rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀mẹta péré, kí ẹ wò ó níbi ìmọ́lẹ̀. Ibi tí dúdú bá kù sí, òkúta ò tíì débẹ̀.

Tó bá jẹ́ òkúta aláwọ̀ eérú olójú méjì tí àwọn alápatà ń lò lẹ rà, ojú rẹ̀ ti rí ṣákiṣàki jù. Òkúta olómi nọ́ńbà 1,000 lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 4,000, kó tó kan 8,000. Bówó bá wà, ẹ fi 12,000 parí ẹ̀.

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di irin tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu àti èèkù mú. Ẹnu ni kó ṣáájú, kí ẹ̀yìn máa tẹ̀lé e. Abẹ sábà máa ń gùn ju ìbú òkúta lọ, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti ń lọ, títí ó fi kan orí. Tó bá dé òpin, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi yí i padà. Ìka méjì yẹn ló ń yí i, kì í ṣe ọrùn ọwọ́.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Lórí 1,000 nìkan lẹ lè fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di 8,000, ìwọ̀n irin náà ti tó. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ gan-an nìyí: tó bá ti sú èèyàn, á fi agbára kún un, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á sì tẹ̀ kúrò lójú òkúta. Ẹ máa wo omi orí òkúta. Bí ẹnu bá jókòó dáadáa, omi iwájú rẹ̀ á máa gun orí abẹ, kò ní rí abẹ́ rẹ̀ gbà kọjá.

Ẹ má kúrò lórí 1,000 àfi tí abẹ bá fá irun apá yín láti ìdí dé orí ẹnu rẹ̀. Mo bẹ̀ yín. Iṣẹ́ tí 1,000 kò bá parí, 12,000 kò lè bá a ṣe é. Á kàn jẹ́ kó dán ni.

Ó wá ku fífa abẹ náà lórí awọ. Níbẹ̀, ẹ̀yìn ló ń ṣáájú, bíi ìgbà 40 sí 50, kí awọ náà sì le dáadáa, torí bó bá rọ̀, ẹnu abẹ á tún kú. Lẹ́yìn fífá, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró pa á lára kó má dógùn-ún.

Àgbọ̀n yín nìkan ni kẹ́ ẹ máa lò ó fún o. Kòkòrò hepatitis B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, kódà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí. Fún oníbàárà, bíléèdì tuntun ni, kí ẹ ya pépà rẹ̀ lójú oníbàárà náà.