Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Wa Mọ Òòlù: Ẹ̀kọ́ Lórí Irinṣẹ́ Ilé, Ìsọ̀ àti Ẹ̀yìnkùlé

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ìṣó, òòlù àti ayùn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí páànù orí ìsọ̀ bá ṣí, tí òjò ń rọ̀ sórí gaàrí, ta là ń pè? Káfíńtà ni. Bí káfíńtà bá wà níbi iṣẹ́ ẹlòmíràn ńkọ́? A ó jókòó dè é. Ìṣó kan ṣoṣo ló jábọ́ o, ṣùgbọ́n ọjà odindi ọjọ́ kan ti bàjẹ́. Owó tí káfíńtà máa gbà gan-an kò tó owó ọjà tí omi wọ̀.

Ohun tí a fẹ́ fà yọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: obìnrin tó mọ irinṣẹ́ díẹ̀ lò, tó sì mọ ibi tó yẹ kí òun dúró, kò ní fi ọjà rẹ̀ ṣòfò nítorí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ẹ̀RÙ FI Ń BÀ WÁ?

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa pé, "Fi sílẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin ni." Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ta ló ń yí irin tí wọ́n fi ń fún omi gaàrí? Àwa ni. Ta ló ń yọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì ìránṣọ tó kán, tó ń kán epo sí i lára? Àwa náà ni. Àwọn ìyá tó ń lọ ata, ṣebí àwọn fúnra wọn ló ń tú ẹnu ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n tún ń dè é padà kí ata lè kúnná? Sípánà ni wọ́n fi ń ṣe é, a ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní iṣẹ́ ọkùnrin. Ọwọ́ tó lè gé ẹran láìgé ìka, ó lè kan ìṣó láìlu ìka.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní abúlé kan tí ń jẹ́ Tilonia, ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Barefoot College. Ọdún 1972 ni Bunker Roy dá a sílẹ̀. Àwọn ìyá abúlé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ, tí wọn ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà bí a ṣe ń to iná tó ń lo oòrùn, àti bí a ṣe ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà náà lọ síbẹ̀, Sierra Leone wà lára wọn. Èdè wọn ò bára mu, nítorí náà àwọ̀ wáyà àti ìfọwọ́júwe ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n padà sílé lọ tan iná sí abúlé wọn. Bí ìyá àgbà tí kò mọ "a, b, d" bá lè ṣe èyí, kí ló máa dí àwa lọ́wọ́ láti kan ìṣó?

Fún àwa tí à ń tajà lójú ọ̀nà Badagry yìí, ọ̀rọ̀ náà tún ju ti òjò lọ. Nígbà tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì náà lójú lọ́dún 2009, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ etí títì ló ní láti kúrò. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tó ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Okokomaiko ni wọ́n ṣètò pé yóò parí sí. Ìsọ̀ etí títì kì í pẹ́ lójú kan. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yọ ìṣó láìfọ́ pákó, á kó pákó àti páànù rẹ̀ lọ sí ibi tuntun. Ẹni tí kò mọ̀, igi ìdáná ni pákó rẹ̀ máa dà.

IRINṢẸ́ TÓ YẸ KÓ WÀ NÍLÉ

Kò pọ̀ rárá. Ẹ má lọ ra àpò irinṣẹ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Òòlù tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sí méjì bí ìwo, tí à ń fi yọ ìṣó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mi orí rẹ̀. Bó bá ń mì, ẹ má rà á, torí ọjọ́ kan ni orí náà máa fò lọ bá ojú ẹlòmíràn.

2. Súkúrù-díráfà méjì: ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ dà bí àgbélébùú.

3. Pláyà, fún dídi nǹkan mú àti gígé wáyà.

4. Sípánà tí ẹnu rẹ̀ ṣeé fẹ̀, tó ṣeé sún pọ̀. Ọ̀kan yìí á ṣe iṣẹ́ sípánà márùn-ún.

5. Ayùn ọwọ́ kékeré.

6. Téèpù ìwọ̀n. Ẹni tó ń ta aṣọ láàárín wa ti mọ èyí tipẹ́.

7. Àdá, ọkọ́ àti fáìlì tí a fi ń pọ́n wọn, fún ẹ̀yìnkùlé.

Bí ẹ bá ti lò wọ́n tán, ẹ nù wọ́n, ẹ fi epo díẹ̀ pa wọ́n lára. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun kò jìnnà sí wa, ó máa ń tètè mú irin dípẹtà.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: ÌṢÓ

Ẹ fi pẹ́ńsù tàbí èédú sàmì síbi tí ìṣó máa gbà. Ẹ di òòlù mú nídìí igi rẹ̀. Ẹni tó bá dì í mú lọ́rùn kò ní lágbára. Ẹ kọ́kọ́ rọra lu ìṣó náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí tó fi máa dúró fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ gbé ìka yín kúrò, kí ẹ wá lù ú dáadáa. Orí ìṣó ni kí ojú yín wà, kì í ṣe orí òòlù.

Gígùn ìṣó náà ṣe pàtàkì. Pákó tó nípọn tó ínǹṣì 1 ń fẹ́ ìṣó ínǹṣì 2½ tàbí 3, kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè wọ inú igi tó wà lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó má lọ yọ lẹ́yìn, kó má baà ya oníbàárà láṣọ. Ẹ má kan ìṣó sí bèbè pákó gan-an, torí pákó á là. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ fi òòlù lu ẹnu ìṣó náà kó kúnú díẹ̀ kí ẹ tó kàn án. Ìṣó tó mú ṣóńṣó ló máa ń la igi.

Ìṣó páànù ńkọ́? Orí ibi tó ga nínú páànù ni kí ẹ kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀. Inú kòtò ni omi ń gbà kọjá, ihò tí ẹ bá dá síbẹ̀ á máa jò. Ẹ má gbàgbé rọ́bà tó máa ń wà lábẹ́ orí ìṣó náà, òun ló ń dí ihò.

Láti yọ ìṣó, ẹ fi ẹ̀yìn òòlù há a lọ́rùn, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kékeré kan sábẹ́ orí òòlù, kí ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀. Pákó kékeré yẹn ló ń gba pákó ńlá lọ́wọ́ fífọ́.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: SÚKÚRÙ ÀTI ÀGÁDÁGODO

Súkúrù ni ìṣó onílà tí à ń yí wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún un, ọwọ́ òsì ló ń tú u. Ẹnu súkúrù-díráfà gbọ́dọ̀ bá orí súkúrù mu géérégé. Bó bá kéré jù, á jẹ orí rẹ̀ dànù, kò sì ní ṣeé tú mọ́.

Ibi tí a fẹ́ kí gbogbo wa fetí sí rèé. Bí ìlẹ̀kùn ìsọ̀ bá wà ní títì, ẹ jáde síta kí ẹ wo irin tí à ń fi àgádágodo kọ́. Ǹjẹ́ ẹ rí orí súkúrù rẹ̀ níta? Bí ẹ bá rí i, olè náà ń rí i. Kò ní bá àgádágodo jà rárá. Súkúrù mẹ́rin ló máa tú, ó di inú ìsọ̀. A lè ra àgádágodo olówó ńlá, kó jẹ́ pé súkúrù kékeré ló máa dà wá.

Ohun tí a ó ṣe ni pé kí a yí irin náà padà, kó fi jẹ́ pé bó bá ti pa dé, á bo orí súkúrù mọ́lẹ̀. Èyí tó tún dára jù ni kí a fi bóòtì gígùn dípò súkúrù, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú ìsọ̀, kí a fi sípánà fún un. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ẸNU ẸRỌ OMI TÓ Ń KÁN

Ẹ ti omi láti orísun rẹ̀, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kí èyí tó kù nínú páìpù dà jáde. Ẹ fi sípánà tú orí rẹ̀. Ẹ ó rí rọ́bà róbótó kékeré kan nídìí rẹ̀ nínú. Bó bá ti jẹ, ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò omi, kó fún yín ní irú rẹ̀ gan-an. Ẹ dá a padà bí ẹ ṣe bá a. Ẹ má fún un jù, torí páìpù ike máa ń sán.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: Ẹ̀YÌNKÙLÉ

Ilẹ̀ wa níhìn-ín, iyanrìn ló pọ̀ jù, omi sì máa ń dúró sí ibòmíràn. Ẹ má torí ẹ̀ dákẹ́. Ẹ fi ìṣó dá ihò sí ìdí àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sí i. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ kó tó ṣeé já. Bí ẹ bá ń pọ́n àdá, ẹ di fáìlì mú ní dídagun, ẹ tì í lọ síwájú, ẹ má fà á padà lórí irin. Ẹ kọ ojú mímú rẹ̀ sí ìta, kì í ṣe sí ara yín.

IBI TÍ ỌWỌ́ WA GBỌ́DỌ̀ DÚRÓ

Ìgboyà kì í ṣe àìmòye. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn.

Iná mànàmáná: a lè pààrọ̀ fíúsì inú púlọ́ọ̀gì, bí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù ń lo fíúsì 13, rédíò àti fáànù kékeré ń lo 3. Ẹ má fi wáyà lásán tàbí bébà ìdí sìgá rọ́pò fíúsì láé! Iṣẹ́ fíúsì ni pé kó jó kí ilé má baà jó. Wáyà inú ògiri, mítà, àti okùn orí òpó, ti oníná ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Jẹnẹrétọ̀: ẹ má tàn án nínú ìsọ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé, ẹ má sì dá bẹntiróòlù sí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró tí kò ní òórùn tí kò ní àwọ̀, ojú oorun ló sì máa ń pa ènìyàn.

Àkàbà: bó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú nísàlẹ̀. A kì í fi ìró tó ń wọ́lẹ̀ gun àkàbà, a kì í sì í gùn ún nígbà òjò.

Bí iná bá sọ tàbí tí ẹnì kan ṣèṣe, ẹ pe 112 tàbí 767. Ọ̀fẹ́ ni.

BÍ ÌGBOYÀ ṢE Ń WÁ

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ wá àjákù pákó, ẹ kan ìṣó mẹ́wàá sí i, ẹ sì yọ gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ á tẹ̀. Kò burú. Ẹ ó rí i pé ìkẹwàá á tọ́. Ẹ máa ṣe é ní méjì-méjì, kí ọ̀kan mú, kí ọ̀kan kàn. Ẹ pe ọmọbìnrin yín sí i, kì í ṣe ọmọkùnrin nìkan.

Àwọn kan á sọ pé, "Ṣé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu káfíńtà ni?" Ó tì o. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ń rajà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ńlá, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá mọ irinṣẹ́, a ó mọ ìgbà tí wọ́n ní kí a ra ìṣó kílò márùn-ún fún iṣẹ́ kílò méjì. Wọn á sì bọ̀wọ̀ fún wa.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Ẹ wo irin àgádágodo ìsọ̀ yín láti ìta. Ṣé orí súkúrù hàn?
2. Ẹ ka iye ìṣó tó ti jábọ́ lórí páànù yín kí òjò tó tún dé.
3. Ẹ ṣí púlọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù yín. Ṣé fíúsì gidi ló wà níbẹ̀, àbí wáyà?

Ẹ mú ìdáhùn wá sí ìpàdé. Ẹni tó bá ní òòlù kó mú un dání, kí ẹni tí kò tíì ní lè fi kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.