Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìje Ọkọ̀ Monaco Wò Kí A Tó Fi Owó Sí I

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù ló ti rí Formula 1 nísàlẹ̀ ojú ewé náà rí, lẹ́yìn tẹ́ńìsì àti bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Orúkọ awakọ̀ tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á tẹ̀, wọ́n á fi owó sí i, ó parí. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ìje kan ṣoṣo la máa mú, ká tú u wò láti ọjọ́ Ẹtì títí dé ọjọ́ Àìkú, nítorí ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yẹ ìje kan wò yóò rí ọ̀nà gbé àwọn yòókù gbà. Monaco ni mo yàn. Òun ni ìje tí gbogbo èèyàn gbà pé àwọn mọ̀ jù lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìdajì òtítọ́ lọ.

Monaco jẹ́ ìlú ọba kékeré kan létí òkun tí ilẹ̀ Faransé yí ká. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ sá ìje Grand Prix níbẹ̀, William Grover-Williams ló sì gbégbá orókè nínú ọkọ̀ Bugatti. Kì í ṣe pápá tí wọ́n dìídì kọ́ fún ìje. Títì ìlú ni, òun náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́. Bí ìje bá ń bọ̀ ni wọ́n á to irin ààbò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìyípo kan jẹ́ kìlómítà 3.337, wọ́n á sì yí i po lẹ́ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rin. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ó di kọ́nà Sainte Dévote, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gun òkè lọ síwájú ilé tẹ́tẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Casino, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ dé kọ́nà kan tó ká bí ìkọ́, níbi tí eré wọn ti máa ń wálẹ̀ dé nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Kò sí kọ́nà mìíràn nínú gbogbo Formula 1 tí wọ́n ti ń rọra tó bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ wọ́n á bọ́ sínú ihò abẹ́ ilé, wọ́n á yọ sí èbúté, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ kọjá, wọ́n á sì ṣẹ́ kọ́nà Rascasse kí wọ́n tó padà dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Títì yìí há, ọkọ̀ ìje òde òní sì tóbi. Ẹni tó bá wà níwájú, ó ṣòro gan-an láti sá kọjá lára rẹ̀. Ní 2024, Pérez àti Magnussen kọlu ara wọn ní ìyípo àkọ́kọ́, wọ́n dá ìje dúró, gbogbo èèyàn sì lo àǹfààní yẹn láti pààrọ̀ táyà. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, kò sí ohun tó ń lé ẹnikẹ́ni wọlé lọ pààrọ̀ táyà mọ́. Àwọn mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ níwájú parí ní ipò kan náà gẹ́lẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láti orí Charles Leclerc, ọmọ bíbí ìlú náà, títí dé ẹni kẹwàá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn Formula 1.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí wọ́n ń du ipò ìbẹ̀rẹ̀, ti jẹ ìje náà tán. Ẹ jẹ́ ká kà á. Láti 2015 dé 2025, ìje mẹ́wàá ni wọ́n sá ní Monaco, nítorí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ti 2020 wáyé. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níwájú borí: Ricciardo ní 2018, Hamilton ní 2019, Verstappen ní 2023, Leclerc ní 2024, Norris ní 2025. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún yòókù bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Nínú márùn-ún tó bọ́ yìí, ipò kejì tàbí ìkẹta ni ẹni tó borí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ti ipò kẹrin tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ wá gbà á.

Báwo ló ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ gan-an wà, mi ò sì ní kánjú níbẹ̀. Ní 2015, Hamilton ti jìnnà sí àwọn tó ń tẹ̀ lé e nígbà tí Verstappen kọlu Grosjean ní Sainte Dévote. Ọkọ̀ ààbò, tó máa ń mú kí gbogbo wọn rọra sáré, jáde, Mercedes tó jẹ́ ẹgbẹ́ Hamilton sì pè é wọlé wá pààrọ̀ táyà nígbà tí kò pọn dandan. Kó tó jáde, Rosberg àti Vettel ti kọjá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ricciardo wọlé pààrọ̀ táyà, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ Red Bull níbi tí wọ́n ti ń wá táyà kiri. Hamilton ló jèrè rẹ̀. Ní 2017, Ferrari kọ́kọ́ pe Räikkönen wọlé, wọ́n fi Vettel sílẹ̀ lójú títì fún ìyípo márùn-ún sí i, ó sáré bí ẹni tí iná ń lé, ó sì jáde síwájú rẹ̀. Ní 2021, Leclerc gba ipò kìn-ín-ní, àmọ́ ó ti fi ọkọ̀ gbá irin ààbò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn kan náà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ náà bàjẹ́ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní 2022, òjò rọ̀, Ferrari kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pe Leclerc wọlé, ó parí sí ipò kẹrin, Pérez sì gbégbá orókè.

Nínú gbogbo márààrún, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹnì kan ló sá kọjá lára ẹni iwájú lójú títì. Ibi ìpààrọ̀ táyà ni mẹ́rin ti bàjẹ́, ìkarùn-ún jẹ́ ti ọkọ̀ tó ti ṣèṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ lórí Monaco, àwọn tó ń ṣírò ìgbà ìpààrọ̀ táyà ló ń fi owó rẹ̀ lé lọ́wọ́, bó ṣe ń fi lé awakọ̀ náà. Bí ẹ bá rí i pé awakọ̀ kan yára ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ṣégeṣège nígbà tí nǹkan bá yí padà lójijì, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà nínú ìṣirò yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà tí ilé tẹ́tẹ́ ń kọ síwájú orúkọ awakọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní odds. Ẹ mú 100, ẹ fi nọ́ńbà náà pín in. Bí wọ́n bá kọ 2.00, ó di 50: ohun tí ilé tẹ́tẹ́ ń sọ ni pé bí wọ́n bá sá ìje náà nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹni yìí yóò jẹ ẹ́ nígbà àádọ́ta. Bí ó bá jẹ́ 4.00, ó di 25. Bí ó bá jẹ́ 1.50, ó di bíi 67. Ẹni tó fẹ́ ra tòmátì kì í wo bó ṣe pọ́n nìkan, iye tí wọ́n ń tà á ló máa ń bi kó tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni awakọ̀ tó dára jù lè di ọjà tó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n kọ 1.50 síwájú ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ níwájú. Wọ́n ń sọ pé ìdá 67 nínú 100 ló ní, nígbà tí ìje mẹ́wàá tí a kà lókè ń sọ ìdá 50. Mo mọ̀ pé ìje mẹ́wàá kò pọ̀ tó láti fi búra, ó kàn tó láti jẹ́ kí a béèrè ìdí tí ọjà náà fi wọ́n.

Ilé tẹ́tẹ́ kì í sì í kọ nọ́ńbà wọ̀nyí láì yọ tiwọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹni tó máa ṣáájú láàárín awakọ̀ méjì, tí agbára wọn dọ́gba, 2.00 sí 2.00 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ óò rí 1.85 sí 1.85. Ẹ fi 1,000 náírà sí ọ̀kan, ẹ fi 1,000 sí èkejì: ẹ ti ná 2,000, 1,850 ni yóò sì padà wá. Náírà 150 yẹn ni owó ilé, ẹni yòówù kó borí. Bí ẹ bá tún wá so ìje mẹ́ta papọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹ ń san owó ilé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò fọwọ́ sí i.

Ní ti ìgbáradì ọjọ́ Ẹtì, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Ìwọ̀n epo tó wà nínú ọkọ̀ kò hàn sí wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ bí wọ́n ṣe tẹ ẹ́ńjìnnì tó. Ní 2025, Leclerc ló yára jù nínú ìgbáradì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó kan ìdíje fún ipò, Lando Norris lo ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9.954, ó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì tún jẹ ìje náà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ti fi owó sí Leclerc ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì rí ohun tó dára, àmọ́ kò dúró gbọ́ èsì.

Ẹ má sì ta á lójú ẹsẹ̀ tí ìdíje fún ipò bá parí. Àwọn adájọ́ máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2006, Michael Schumacher dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Rascasse nígbà tí àwọn yòókù ń sáré bọ̀. Wọ́n mú un láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn pátápátá. Ní 2025, Hamilton gba ipò kẹrin, wọ́n sì dá a padà sí ìkeje nítorí ó dí Verstappen lọ́nà. Ẹ dúró títí wọn yóò fi gbé ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó dájú jáde.

Ta ni ká wá fojú sí? Leclerc kọ́kọ́, nítorí ó ti gba ipò kìn-ín-ní ní 2021, 2022 àti 2024, ó sì mọ títì náà bí ẹni mọ ojúlé bàbá rẹ̀. Norris ti jẹ ẹ́ ní 2025, Piastri sì ṣe ìkejì ní 2024, ìkẹta ní 2025. Verstappen ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2021 àti 2023. Hamilton ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àmọ́ èyí tó kẹ́yìn ti pẹ́ láti 2019. Èyí tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni Carlos Sainz, tó ṣe ìkejì ní 2021 àti 2022, tó sì ṣe ìkẹta ní 2024. Inú ọkọ̀ Ferrari ló wà nígbà náà, inú ti Williams ló wà báyìí, nítorí náà láàárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá a, kì í ṣe lókè. Ní 2025, wọ́n fi òfin dè é pé kí gbogbo èèyàn pààrọ̀ táyà lẹ́ẹ̀mejì, Williams àti Racing Bulls sì lo ọgbọ́n: awakọ̀ kan á rọra sáré, á dí àwọn tó wà lẹ́yìn, kí ẹnì kejì rẹ̀ lè ráyè wọlé kó sì jáde. Awakọ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba máàkì. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá irú òfin bẹ́ẹ̀ wà lọ́dún tí ẹ fẹ́ ta á.

Òjò nìkan ló lè da gbogbo ìṣirò yìí rú. Ní 1996, òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó gbéra, Schumacher tó gba ipò ìbẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní fi ọkọ̀ gbá ògiri ní ìyípo àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì Damon Hill kú, ọkọ̀ Alesi náà bàjẹ́. Olivier Panis tó bẹ̀rẹ̀ láti ipò kẹrìnlá ló jẹ ẹ́, ọkọ̀ mẹ́ta péré ló sì ń sáré dé òpin. Bí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ bá sọ pé òjò ń bọ̀, nọ́ńbà kékeré síwájú ẹnikẹ́ni kò bójú mu.

Ọ̀rọ̀ tèmi rèé. Ẹ dúró di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ kọ ìdá tí ẹ rò pé ẹni kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta ní sínú ìwé kí ẹ tó ṣí ojú ewé tẹ́tẹ́, kí nọ́ńbà wọn má bàa darí èrò yín. Láti 2026 wọ́n ti gbé ìje náà láti oṣù karùn-ún lọ sí oṣù kẹfà, aago wọn sì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa lásìkò náà, nítorí náà aago mẹ́ta ọ̀sán wọn ni aago méjì wa. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, owó ilé ìwé àti owó ilé tí ẹ ń gbé kò sì sí nínú owó tẹ́tẹ́. Bí ìdá tí nọ́ńbà ilé tẹ́tẹ́ ń sọ kò bá kéré sí ìdá tí ẹ kọ sínú ìwé yín, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ sì wo ìje náà.