Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gbé Ìyàwó ní Achara Layout, Ẹ Kọ́kọ́ Yọ Owó Ilé Sọ́tọ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, bí ọmọkùnrin yín bá wọlé lónìí tó ní Achara Layout ní ìlú Enugu ni òun ti rí ìyàwó, ẹ bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà, kí inú dídùn tó gbé yín lọ, ẹ mú bírò àti ìwé. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni mo ti rí tí àríyá wọn mi ìgboro tìtì, tí wọn kò sì rí owó ilé san nígbà tó yá. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ onínàákúnàá. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni kò dáa. Ọjọ́ àríyá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì àríyá ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa kà á bọ̀ sẹ́yìn.

Bí ibẹ̀ ni tọkọtaya náà máa gbé, onílé Achara Layout, bíi ti ọ̀pọ̀ onílé ní Nàìjíríà, kì í gba owó oṣù kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Owó ọdún kan gbáko ni yóò béèrè, owó ajẹ́ńtì àti owó àdéhùn yóò sì gun orí rẹ̀. Owó yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ yọ owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta tẹ̀lé e. Ẹ yọ owó ilé ìwòsàn pẹ̀lú, nítorí gbogbo wa là ń ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní. Bí àdúrà bá wá tètè gbà, owó ìgbẹ̀bí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kó àwọn owó yìí sí àkáǹtì tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá fọwọ́ kàn. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni owó ìgbéyàwó. Bí kò bá tó nǹkan, ẹ ti mọ irú ìgbéyàwó tí ẹ máa ṣe nìyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Àdírẹ́sì ọmọbìnrin náà lè tàn yín jẹ. Achara Layout wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Enugu South, nítòsí Uwani àti ọ̀nà Agbani. Ìgboro ni, ibi gbogbo sì ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti wá: Nsukka, Udi, Nkanu, Abakaliki, títí dé Mbaise ní ìpínlẹ̀ Imo. Bàbá ìyàwó lè ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, kó má fa ọmọ fọ́kọ níbẹ̀. Abúlé rẹ̀ ni wọn yóò ti ṣe Igba Nkwu, ayẹyẹ tí ìyàwó ti máa ń gbé ife ẹmu wá ọkọ rẹ̀ kiri láàárín èrò. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: abúlé wo? Owó mọ́tò, ibi tí àlejò máa sùn, àti líìsì ẹrù tí ẹbí ìyàwó máa béèrè gan-an, orí ìdáhùn yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ẹ má ṣe fi líìsì ti ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ ará Nsukka ṣírò ti ará Mbaise, tí àwọn Ìgbò fúnra wọn máa ń fi gígùn líìsì rẹ̀ ṣe àwàdà.

Ẹ lọ ṣe Iku Aka, tó jọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tiwa, kí ẹ sì gba líìsì náà lọ́wọ́ kí ẹ tó mú ọjọ́. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe bàbá àti ìyá ìyàwó nìkan ló ni ín. Ti Umunna wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ìdílé bàbá. Ti Umuada wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí a bí sínú ilé náà. Ti àwọn ọ̀dọ́ náà ń bẹ. Iṣu, àpò ìrẹsì, ewúrẹ́, ẹmu ọ̀pẹ, páálí bíà àti máàtì, obì, áṣáà, aṣọ ìró. Ẹ gbé líìsì náà dé ọjà Ogbete, kí ẹ béèrè iye ohun kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbà kí a fi owó rọ́pò àwọn nǹkan kan, ẹlòmíràn á sì dín in kù, ṣùgbọ́n ẹnu alárenà tó mọ èdè àti ìwà wọn ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọkùnrin yín máa dá ná ẹrù lójú àwọn àgbààgbà. Ẹ má sì fi ọkàn sí i pé wọ́n á dá owó orí padà nítorí pé ilé tiyín máa ń dá a padà. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ fi ra gáàsì.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ìnáwó ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1956, nígbà tí Enugu jẹ́ olú ìlú Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, tí Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ Pírẹ́míà ibẹ̀, ìjọba ṣe òfin pé owó orí ìyàwó kò gbọdọ̀ kọjá 30 pọ́n-ùn. Nígbà tí a pààrọ̀ owó ní 1973, 30 pọ́n-ùn di 60 náírà. Ta ni 60 náírà lè ra búrẹ́dì fún lónìí? Òfin wà nínú ìwé, ìnáwó ń gòkè lọ níta. Lójú tèmi, owó orí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Ìdílé púpọ̀ ló ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n á dá ìyókù padà. Ohun tí kò sí nínú líìsì ló ń jẹ owó.

Ẹ wo iye ayẹyẹ tó wà nílẹ̀: Igba Nkwu ní abúlé, ìdána nítorí pé ìyá ọkọ kò ní gbà láìṣe é, ṣọ́ọ̀ṣì, àríyá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè. Ká ní àwo oúnjẹ kan jẹ́ 5,000 náírà, tí àlejò sì jẹ́ 300. 1,500,000 náírà nìyẹn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta, a ò sì tíì mẹ́nu ba ohun mímu, kánọ́pì àti dísù jẹnẹrétọ̀. Ẹ yan ayẹyẹ kan ṣoṣo tí yóò tóbi, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù jẹ́ ti ẹbí. Ẹ sá fún oṣù Kejìlá bí ẹ bá lè sá, torí ìgbà náà ni gbogbo ọmọ Ìgbò ń darí wálé, tí owó mọ́tò, gbọ̀ngàn àti alásè ń fò sókè. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye tí alásè bá pè ní oṣù Kẹfà kì í dúró títí di Kejìlá. Ẹ kọ iye náà sínú ìwé, kí ẹ tètè ra ìrẹsì àti òróró, kí ẹ sì gba rìsíìtì gbogbo owó àsansílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù rèé: ẹ má yáwó ṣe àríyá. Bí ẹ bá yá 500,000 náírà ní èlé ìdá mẹ́wàá lóṣù, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà èlé nìkan ti di 300,000. Àwọn ayánilówó orí fóònù mìíràn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí owó bá pẹ́, wọ́n á máa kọ ìwé ìtìjú sí àwọn àna yín tuntun àti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ń forúkọ wọn sílẹ̀. Bí ọ̀ràn bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀. Owó àjọ sàn jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o gbọ́dọ̀ rántí pé gbèsè ni títí tí yóò fi kárí.

Ẹ má sì ka owó tí wọ́n máa ná síni lórí mọ́ ìṣirò. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà ká sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Inú àpòòwé ni kí a fi ẹ̀bùn sí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ má rìn lóru, ẹ sì ṣọ́ra fún ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni àṣẹ jókòó-sílé tí ẹgbẹ́ IPOB pa bẹ̀rẹ̀ sí í da ọjọ́ náà rú ní ìhà yẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní òun kò fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀ kí ẹ tó gba mọ́tò, kí ẹ sì fi owó oorun alẹ́ kan kún ìṣirò.

Kí a tó tẹ káàdì ìpè, ẹ jẹ́ kí ìyàwó fúnra rẹ̀ mọ iye tó wà nílẹ̀. Òun ló mọ èyí tí bàbá òun lè gbójú fò nínú líìsì náà, àti èyí tí yóò di ìjà.