Katakata àti Òjò Dídì

Ọmọ Kankon kò mọ òjò dídì. Òjò tirẹ̀ a máa rọ̀, a sì wọ inú yanrìn lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìparí oṣù kejìlá ọdún 1962 títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1963, òjò dídì bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà ìgbèríko sì dí.

Bí ọ̀nà bá dí báyìí, aláìsàn kò lè dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Nígbà náà ni àgbẹ̀ a gbé katakata tí ó fi ń túlẹ̀ jáde. A so abẹ irin gbígbòòrò mọ́ ọn níwájú, a sì fi ẹ̀wọ̀n yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kí ó má baà yọ̀. Abẹ náà a máa ti òjò dídì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni iṣẹ́ yìí dára jù. Bí ọkọ̀ bá ti tẹ òjò náà mọ́lẹ̀, ó di yìnyín líle, apá irin kò sì ká a mọ́. Iyọ̀ ni wọn yóò wọ́n sí i, nítorí omi iyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán. Irú iyọ̀ tí ó wà nínú òkun Àgbádárìgì ni.

Agbára nìkan kò tó iṣẹ́ í ṣe. Ó ń fẹ́ àkókò àti ìmọ̀.