Ẹ Má Fi Tíọ́rì Kan Ṣoṣo Díwọ̀n Èèyàn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní Yunifásítì Wits, ní Johannesburg níbí, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń jiyàn lórí tíọ́rì tó yẹ kí ẹ fi wo àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dé orí. Ẹ jẹ́ ká wo ayé Simon Nkoli.

Ọmọ Soweto ni, 1957 ni wọ́n bí i. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà mú un ní 1984, wọ́n sì fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan òun àti àwọn mọ́kànlélógún mìíràn nínú ẹjọ́ Delmas. Àtìmọ́lé ló ti sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́ pé ọkùnrin lòun ń fẹ́. Àwọn kan yarí, wọn ò fẹ́ kí wọ́n da ẹjọ́ wọn pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Goffman, onímọ̀ àwùjọ, wúlò níbí yìí. Ìwé tó kọ ní 1963 ṣàlàyé bí ẹni tí àwùjọ kà sí alábùkù ṣe ń ro ẹni tí òun lè finú hàn, àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí GASA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ irú wọn tí Nkoli wà, tí aláwọ̀ funfun pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò dìde fún un? Goffman nìkan ò lè dáhùn ìyẹn. Ohun tí Crenshaw, onímọ̀ òfin, kọ ní 1989 nípa obìnrin dúdú Amẹ́ríkà ló là á yé wa: ìyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè pàdé lára ẹnì kan, kí apá kankan má sì gbèjà rẹ̀ tán.

Ní 1988, Nkoli bá wọn dá ẹgbẹ́ mìíràn, GLOW, sílẹ̀. Òun àti Beverley Ditsie wà lára àwọn tó ṣètò ìwọ́de àwọn tó ń fẹ́ irú wọn ní October 13, 1990, níbí. Àwọn kan fi àpò bébà bo orí wọn, wọ́n dá ihò ojú sí i, wọ́n sì ń rìn láàárín títì. Wọ́n fojú pamọ́ fún ọ̀gá àti ẹbí, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn pamọ́. Tíọ́rì wo ló lè dá gbé ìyẹn?

Ẹ ka Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí pẹ̀lú. Ó jiyàn ní 1997 pé ọjọ́ orí ló ń to àwọn èèyàn Ọ̀yọ́ àtijọ́ ju akọ-n-bábo lọ. Bóyá ẹ gbà fún un tàbí ẹ ò gbà, yóò jẹ́ kí ẹ bi tíọ́rì kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tó ti wá.

Àwọn lẹ́tà tí Nkoli kọ látẹ̀wọ̀n wà ní ibi ìkówèésí GALA, ní Wits yín yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kà wọ́n kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nípa irú èèyàn tó jẹ́.