OMI KÀNGA NÍ Ọ̀TÀ ÀTI SÀNGÓ: OHUN TÍ IṢÁNÁ KÒ LÈ PA

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀tà àti Sàngó ni ó gbẹ́ kànga tirẹ̀ sí àgbàlá. Bí omi inú rẹ̀ bá mọ́ gaara, tí kò sì rùn, onílé a máa rò pé ewu kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ewu méjì wà tí ojú kò lè rí, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Èkínní ni kòkòrò àrùn láti inú ṣáláńgá àti sọ́kàwéè, tí ń fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àwọn wolé-wolé a máa fẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó 30 mítà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, agbára káká ni yóò fi gba irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì gbà á, sọ́kàwéè aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri gan-an. Nítorí náà, ó tọ́ kí omi mímu hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì dà á sínú àmù tí ó ní ọmọrí. Álọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń jù sínú kànga kàn ń mú kí ìdọ̀tí rọlẹ̀ ni. Kì í pa kòkòrò.

Èkejì ni òjé. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní agbègbè yìí, òjé sì wà nínú bátìrì ọkọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fọ́ bátìrì tí ó ti kú, tàbí tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, eruku àti ásíìdì rẹ̀ lè wọ ilẹ̀ lọ bá omi. Iná kì í pa òjé. Bí omi ti ń hó ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di oruku lọ, òjé a sì kù sínú ìkòkò, èyí tí ó kù a wá lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bàjẹ́ jù. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí wúrà pa ọmọ tí ó kéré tán tó 400. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni pé kí òjé inú táǹkì omi 1,000 lítà má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù kan lọ.

Onílé tí ó wà nítòsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níláti gbé omi rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí ó sì dárúkọ òjé, nítorí kòkòrò nìkan ni àyẹ̀wò mìíràn ń wá. Bí òjé bá pọ̀ jù, a lè fi omi náà fọ aṣọ, ṣùgbọ́n kí a wá omi mìíràn fún mímu àti fún ẹ̀kọ ọmọ. Kí onílé fi ìwé àbájáde náà han wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kí wọ́n lè yẹ kànga àwọn aládùúgbò wò pẹ̀lú.