Ṣé Ibà Ló Ń Ṣe Kọ̀ǹpútà Yín, Àbí Iṣẹ́ Ló Ń Ṣe?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà tí omi ń mú tutù nílé sábà máa ń béèrè: "Prósẹ́sọ̀ mi ti dé 75 dígírì. Ṣé kò ní jóná báyìí?"

Ẹ má fi ìbéèrè yìí ṣeré, torí owó wà nínú ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdáhùn lè lọ ra rédíétọ̀ tuntun nígbà tí nǹkan kan ò ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíì sì lè máa gbá géèmù lọ lórí ẹ̀rọ tí pọ́ǹpù rẹ̀ ti kú, torí wọ́n ti sọ fún un pé gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń gbóná.

Ìdáhùn rèé ní ṣókí: nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè sọ bóyá ara ẹ̀rọ yá. Ohun mẹ́ta la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Báwo ni yàrá ṣe gbóná tó? Iṣẹ́ wo ni ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́? Ibo sì ni àwọn tó ṣe prósẹ́sọ̀ náà fi ṣe òpin ooru rẹ̀?

Kí ni omi ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà?

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Iná mànàmáná tó bá wọ inú ẹ̀, ooru ló ń dà. Prósẹ́sọ̀ Intel Core i9-13900K, fún àpẹẹrẹ, lè fa tó 253 wáàtì tó bá ń sáré gan-an. Ìyẹn ju gílóòbù ayé àtijọ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 wáàtì lọ, lórí ègé kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò.

Ooru yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Wọ́n á gbé pẹpẹ bàbà kan lé prósẹ́sọ̀ lórí, omi á máa gba orí pẹpẹ náà kọjá. Pọ́ǹpù á ti omi yẹn gba inú rọ́bà lọ sínú rédíétọ̀, fáànù á fẹ́ ooru rẹ̀ dà nù, omi á sì tún padà wá. Bí rédíétọ̀ mọ́tò ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì rí á ti mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tó fi jẹ́ omi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Físíìsì, ẹ rántí: kí kílógíráàmù omi kan tó fi dígírì kan gbóná sí i, ó máa gba nǹkan bí 4,200 júùlù. Ti afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 1,000 péré. Omi máa ń gbé ẹrù ooru púpọ̀ kí ara òun fúnra rẹ̀ tó gbóná.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú rèé: omi yẹn kì í ṣe yìnyín. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni fáànù ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Torí náà, omi ò lè tutù ju yàrá lọ. Bí yàrá bá wà ní 33 dígírì, prósẹ́sọ̀ á wà lókè 33, ó pẹ́ ni, ó yá ni.

Ìbéèrè kìíní: yàrá ńkọ́?

Ẹ yọ ìwọ̀n ooru yàrá kúrò nínú ti prósẹ́sọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ló ń sọ bí omi ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.

Ká ní ẹnì kan wà ní London nígbà òtútù. Yàrá ẹ̀ jẹ́ 20 dígírì, prósẹ́sọ̀ ẹ̀ sì wà ní 62 lórí géèmù. Ẹnì kejì wà ní Ìbàdàn lóṣù Kẹta, yàrá tiẹ̀ jẹ́ 33, prósẹ́sọ̀ ẹ̀ wà ní 75. Ẹ ṣírò ẹ̀: 62 yọ 20 jẹ́ 42, 75 yọ 33 náà jẹ́ 42. Omi àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ bákan náà! Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí òyìnbó nínú fídíò tó ń fi 60 dígírì yangàn, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí yàrá tiẹ̀ ṣe rí.

Ìbéèrè kejì: iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá eré 400 mítà tán, ara ẹ̀ á gbóná, á sì máa làágùn. Kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn torí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé orí ibùsùn ló wà látàárọ̀ tí ara ẹ̀ sì ń jó bí iná, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà.

Nínú yàrá tó wà ní nǹkan bí 30 dígírì, òdiwọ̀n rèé (kì í ṣe òfin o):

- Tí kò bá ṣe nǹkan kan: 38 sí 50.
- Tó bá ń gbá géèmù: 60 sí 80.
- Tó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣekára, bíi pípa fídíò pọ̀: 75 sí 95, ó kù sí irú prósẹ́sọ̀.

Ẹ lè fi HWiNFO tàbí Core Temp wo nọ́ńbà yìí lórí Windows. Bẹ́ ẹ bá ṣí nǹkan kan, tó fò lọ sí 65 lójijì tó sì já wálẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Prósẹ́sọ̀ máa ń gbóná lójú ẹsẹ̀, omi ló máa ń lọ́ra. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìṣẹ́jú méjì ò fi tó. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó dájọ́.

Ìbéèrè kẹta: ibo ni òpin rẹ̀?

Òpin wọn ò dọ́gba. Ti Intel Core i9-13900K jẹ́ 100 dígírì. Ti AMD Ryzen 5 5600X jẹ́ 95. Ti Ryzen 7 7800X3D jẹ́ 89. Ẹ ò rí i pé 88 tó ṣì jìnnà sí òpin fún ti àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin fún ti ìkẹyìn? Ryzen 9 7950X tó jáde lọ́dún 2022 tiẹ̀ wà lára àwọn tí AMD mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè máa ṣiṣẹ́ ní 95 tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Tí prósẹ́sọ̀ bá kan òpin, ó máa ń dín eré ara ẹ̀ kù. Tí ooru bá ṣì ń gòkè, á pa ara ẹ̀. Torí náà, eré lẹ máa kọ́kọ́ pàdánù, kì í ṣe prósẹ́sọ̀.

Àmì àìsàn gidi

1. Kò ṣe iṣẹ́ kankan, síbẹ̀ ó gun 80, ó gun 90 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wo pọ́ǹpù bóyá ó ń yí. Ẹ wò ó tún bóyá pẹpẹ bàbà jókòó dáadáa, tàbí bóyá wọ́n gbàgbé láti ṣí ọ̀rá tó wà lábẹ́ ẹ̀.

2. Iṣẹ́ kan náà, yàrá kan náà, ṣùgbọ́n 65 ti di 80. Ẹ wo rédíétọ̀. Lẹ́yìn ìgbà ọyẹ́, eruku lè dí i pa.

3. Ó ń dún bíi kí èèyàn máa da omi nínú ìgò. Afẹ́fẹ́ ti wọ pọ́ǹpù. Òkè rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju pọ́ǹpù lọ, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi kóra jọ sí.

4. Omi ń kán. Ẹ pa iná láti ara ògiri kíákíá! Omi ò lọ́tá lóòótọ́, àmọ́ òun àti iná mànàmáná kì í ṣọ̀rẹ́.

Tí prósẹ́sọ̀ bá ti gbóná jù, ẹ fọwọ́ kan rọ́bà àti rédíétọ̀. Tí wọ́n bá tutù, ooru ò dé ibi tí omi wà nìyẹn: pọ́ǹpù tàbí pẹpẹ ni kẹ́ ẹ wò. Tí àwọn náà bá gbóná gan-an, ooru ti dé inú omi, kò kàn ríbi jáde ni: fáànù, eruku tàbí yàrá fúnra rẹ̀ ni.

Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ní ìwé kékeré kan. Lóṣooṣù, ẹ kọ ooru yàrá, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe, àti ooru prósẹ́sọ̀ síbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá wá ní kẹ́ ẹ ra nǹkan tuntun, ẹ ṣí ìwé yín kẹ́ ẹ tó ṣí àpò yín.

Ìdánrawò

1. Yàrá jẹ́ 31 dígírì, prósẹ́sọ̀ jẹ́ 73 lórí géèmù. Lóru, yàrá di 26. Tí géèmù ò bá yí padà, nǹkan bí mélòó ni prósẹ́sọ̀ máa jẹ́?
2. Prósẹ́sọ̀ wà ní 94, rédíétọ̀ tutù. Kí lẹ máa kọ́kọ́ wò?
3. Kí ló dé tí omi inú rédíétọ̀ ò fi lè tutù ju yàrá lọ?

Ẹ kọ ìdáhùn yín fún Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn. Ẹ ó rí ìdáhùn tó tọ̀nà lára ògiri yìí nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀.